Alámì Lẹ́nu Ọ̀nà, Funfun Lẹ́bàá Garawa Ìdọ̀tí

Títí di òní, bí mo bá wọ ilé ìjọsìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tùràrí níbẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe àdúrà. Ewé kan ni. Ewé tóóró tó dúdú mìnìjọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí oje ìbẹ́pẹ, tí òórùn rẹ̀ kì í sì í tán lára ìka títí èèyàn á fi jẹun alẹ́. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú, inú á kọ́kọ́ bí mi díẹ̀ kó tó wá rọ̀. Ìbínú àtijọ́ ni, àwọn tó bí mi nínú ti lọ tán, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí i jù nù pátápátá.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni mò ń sọ. Yàrá kan ni mò ń gbé ní Glyndon Estate, ní London. Ìṣirò owó ni mo sọ pé mo fẹ́ wá kọ́ nígbà tí mo ń kúrò ní Èkó, ṣùgbọ́n nídìí ọkọ̀ fáànù ni mo bá ara mi, tí mò ń gbé òdòdó káàkiri fún àwọn kan tó ń gbìn ín tà lẹ́yìn Abbey Wood. Nínú lẹ́tà tí mò ń kọ sílé, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìgbàlódé ni mò ń ṣe. Bàbá mi sì ń fi mí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mo ni oko náà. Kí n má parọ́, nígbà tó yá, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Mo ti mọ orúkọ òdòdó bíi mélòó kan, mo ti mọ èyí tó fẹ́ oòrùn àti èyí tó fẹ́ òjìji, mo sì ń sọ̀rọ̀ nípa wọn níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bi mí.

Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa, a ò sì pọ̀: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń nu ọ́fíìsì láàárọ̀ kùtù, àti àwa awakọ̀. Ìyá Ìjọ ló kó wa jọ. Opó ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì mọ ọ̀nà London. Nínú pálọ̀ rẹ̀ ní Woolwich Dockyard, ní fláàtì òkè, la ti ń jọ́sìn tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀ a máa fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà, ti ẹ̀gbẹ́ a máa gbá ògiri, àwa náà á sì máa rẹ ohùn sílẹ̀ títí orin wa á fi dà bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú ìrọ̀rí. Bí a bá lu agogo, ká tó ṣe àmín, ẹnìkan á ti máa kan ilẹ̀kùn. Ìyá Ìjọ fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ ṣí i. Á bẹ̀ wọ́n, á padà wá, á tún kúnlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí obìnrin yìí ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run nígbà náà ni ibì kan ní ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni ò ti ní wá kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lórí bó bá ń gbàdúrà.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Nínú ìjọ wa, gbogbo ẹni tó bá wá sìn ló ń gbé omi dání, nínú ìgò tàbí nínú kẹ́ẹ̀gì, láti gbàdúrà sí. A ó mu díẹ̀, a ó fi díẹ̀ bọ́jú, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Èyí tó bá ṣẹ́ kù yìí, èèwọ̀ ni ká dà á sí sìńkì, nítorí pé ihò kan náà ni òun àti omi ṣálángá jọ ń bá lọ. Orí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ń dà á sí, níbi tí ẹsẹ̀ ò ti ní tẹ̀ ẹ́. Nílé, ìyẹn kì í ṣe ìṣòro, ẹ̀yìnkùlé wà. Ṣùgbọ́n ní Dockyard, kọnkéré ni láti ẹnu ọ̀nà dé títì. Ìyá Ìjọ á wá ro gbogbo ìyókù omi náà pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, á gbé e sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí odò Thames, á dà á síbẹ̀ tòun torin lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan tí mo bá a gbé e, ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó ní kí la ń dà sínú odò. Mo ní omi ni. Ó ní ta ló ń gbé omi wá da sínú omi. Ìyá Ìjọ kàn dúró, ó ń wo bí odò ṣe ń gbé e lọ.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ àdúgbò kan ní Thamesmead gbà pé ká máa lo gbọ̀ngàn wọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọdún kan ni wọ́n fi dán wa wò. Wọ́n ní ilẹ̀ pẹlẹbẹ kan wà níwájú gbọ̀ngàn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ bí kò ṣe àfọ́kù ìgò. Wọ́n ní kí a tọ́jú rẹ̀, ká gbin nǹkan sí i. Bí ìgbà ooru ọdún tó ń bọ̀ bá dé, wọ́n á wá wò ó. Bí ó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, a ó máa bá ìjọsìn wa lọ níbẹ̀. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ká máa kó ẹrù wa padà sí pálọ̀ Dockyard. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo wú bí búrẹ́dì. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi.

Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, òyìnbó àgbàlagbà kan tí kì í fẹ́ kí nǹkan ṣòfò, fún mi ní oríṣi igi òdòdó kékeré méjì, bíi mélòó kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò rí tà. Ó ní mọ̀lẹ́bí ni wọ́n, òdòdó àpáta ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì, láti àwọn òkè olókùúta tó yí òkun tó wà láàárín Yúróòpù àti àríwá Áfíríkà ká. Ní ìkòkò tí mo ti kọ́kọ́ rí wọn, wọn ò jọra lójú mi rárá. Èkíní ga, ewé rẹ̀ tóóró, òun ló ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ jù tó sì ń ta sánsán bíi tùràrí. Òdòdó rẹ̀ tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ó funfun, ó sì rún bíi sùtánà tí a ò tíì lọ̀. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ewé òdòdó márààrún ni àmì kan wà, àmì pupa tó fẹ́ẹ̀ dúdú, bí ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ. Èkejì kúrú, ewé rẹ̀ fẹ̀, òdòdó rẹ̀ kéré, funfun lásán pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè díẹ̀ láàárín. Kò sí ohun tí èèyàn lè dúró wò lára rẹ̀. Èkíní ni mo sọ ní Alámì, èkejì ni mo sọ ní Funfun.

Ọ̀gá mi ṣàlàyé fún mi pé ohun kan pa wọ́n pọ̀: òdòdó tó bá là láàárọ̀ á ti já bọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́, òmíràn á là lọ́jọ́ kejì. Méjèèjì ò fẹ́ kí omi dúró sí ìdí wọn, méjèèjì ò sì fẹ́ kí wọ́n hú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fìdí múlẹ̀. Níbi tí wọ́n ti yàtọ̀, Alámì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ gbígbóná, tí nǹkan kékeré lè bà jẹ́ nílùú yìí. Orí òkè tó ń tutù ni Funfun ti wá, ó sì lè fara da ohun púpọ̀. Ilẹ̀ Thamesmead sì rèé, àbàtà ni tẹ́lẹ̀, amọ̀ ni, bí òjò bá rọ̀ sí i ní Mọ́ńdè, yóò ṣì wà níbẹ̀ ní Fúráídè. Mo ti ṣe ètò mi: Funfun lẹ́nu ọ̀nà, Alámì lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí oòrùn ti ń lu ògiri, nítòsí àwọn garawa ìdọ̀tí.

Mo kó wọn dé lọ́jọ́ Sátidé, òdòdó wà lórí wọn. Wòlíì wa, tó ń wa takisí láàárín ọ̀sẹ̀, tẹ̀ ba, ó ka àwọn àmì náà, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí kọnkéré. Ó ní ọgbẹ́ Olúwa nìyí, márùn-ún géérégé, lára aṣọ funfun. Àwọn ìyá bú sórin. Ẹnìkan já ewé kan, ó gbóòórùn tùràrí, orin náà sì ga sí i. Mo ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà ò dára fún un, wọ́n ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ gbé àgbélébùú sí ẹ̀bá garawa ìdọ̀tí. Bí Alámì ṣe bọ́ sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, tí Funfun sì bọ́ sẹ́yìn. Mo gbìn wọ́n. Mo kó òkúta sí ìdí Alámì kí omi lè ráyè lọ, mo sì sọ fún ara mi pé bó bá ṣe rí, èmi ni mo mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Mi ò rántí omi wa. Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, bí ìsìn ti parí, mo jáde, mo rí i pé wọ́n ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgò àti kẹ́ẹ̀gì. Ilẹ̀ tó mọ́ nìyí, tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀, tí igi tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sàmì sí sì wà nínú rẹ̀. Ibo ni wọn ì bá tún da omi àdúrà sí? Ìyá Ìjọ ló ṣáájú. Ó rọra dà á, ó ń sọ̀rọ̀ sí i lábẹ́lẹ̀, ó sì dúró títí ilẹ̀ náà fi mu ún tán. Gbogbo àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó da ẹ̀kán omi kan sí ìdí Funfun lẹ́yìn.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ṣàlàyé fún wọn lẹ́yìn ìsìn pé igi yìí ò fẹ́ omi. Wọ́n ṣe àmín. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún dà á. Mo gbé garawa kan síbẹ̀ pé kí wọ́n máa da omi sí i, èmi á bá wọn gbé e lọ sí odò. Wọ́n dà á sínú garawa, lẹ́yìn náà ni ẹnìkan gbé garawa náà, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí ìdí Alámì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fi okùn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n na ọwọ́ kọjá okùn. Sister kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń fún aláìsàn lóògùn ní ìwọ̀n-ìwọ̀n lójoojúmọ́ ayé, ni mo rò pé ó máa yé. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká.

"Brother, calm down," ó ní. "Àdúrà la gbà sínú omi yẹn o. Báwo ni àdúrà ṣe máa pa nǹkan?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní ó ń pa á, ẹnu mi á dà bí ẹnu ẹni tí kò nígbàgbọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti ń di bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ ìjọ wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní wọ́n wá fi ẹjọ́ mi sùn pé mò ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ níbi ohun mímọ́, ó sì ní kí n kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ fún ìsìn odidi kan. Mo kúnlẹ̀. Láti ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, mò ń gbọ́ gbúlúgbúlú kẹ́ẹ̀gì níta. Ó ká mi lára débi pé mi ò gbọ́ ìwàásù ọjọ́ náà rárá.

Kí òtútù tó dé ni ewé Alámì ti ń pọ́n. Òtútù dé, ó kàn wá parí iṣẹ́ tí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ewé dúdú, ó wọ́ dànù, igi ṣẹ́ kù bí ìka ọwọ́ arúgbó. Ìjọ wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún un. Ẹ ò ní béèrè ohun tí wọ́n fi parí ààwẹ̀ náà lọ́wọ́ mi, omi ni. Èmi náà gbààwẹ̀ yẹn, ìbínú ni mo fi ṣí i. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, láàárín páálí àti ọ̀rá, Funfun dúró sínú yìnyín, kò sí ẹni tó bi í bóyá ara rẹ̀ le.

Nígbà tí ìgbà ooru dé, Funfun ti ga dé àyà mi. Láràárọ̀, òdòdó á bò ó bí ìgbà tí wọ́n sá aṣọ ọmọ tuntun. Iwájú ńkọ́? Igi gbígbẹ. Ìgbìmọ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, Ìyá Ìjọ gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n hú Funfun wá síwájú.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," mo ní. "Tí mo bá hú u, ó ti kú nìyẹn. Kì í fẹ́ kí wọ́n gbé òun nídìí."

"Ṣé igi gbígbẹ la máa fi pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà ni? Wọ́n á lé wa, brother. Mi ò fẹ́ padà sí Dockyard mọ́."

Mi ò gbọ́ irú ohùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí, àní nígbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mọ́ ọn pàápàá. Mo hú ẹyọ kan, èyí tó kéré jù, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, mo sì gbìn ín sí àárín àwọn òkú tó wà níwájú. Kí n tó nàró, ẹnìkan ti da ìgò omi tirẹ̀ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti sorí kọ́ bí ẹni tí wọ́n bá wí. Mo jókòó sínú fáànù mi, mo gbá ọwọ́ ìwakọ̀ títí hóònù fi ké.

Lẹ́yìn ìsìn, a tò síwájú gbọ̀ngàn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, atẹ́gùn adágún omi tó wà nítòsí ń fẹ́ wa, à ń retí ìgbìmọ̀. A dúró títí, wọn ò dé. Ọ̀sán pọ́n. Ọkàn mi ń bàjẹ́ sí i, nítorí mo mọ̀ pé òdòdó tó wà lẹ́yìn pàápàá ti ń já bọ́. Ìgbà tó yá la gbọ́ ohùn èèyàn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ni ibi ìgbọ́kọ̀sí wà, ibẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, àwa sì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò gbà. A sáré yíká. A bá wọn, àwọn mẹ́ta, ìyá òyìnbó kan tó fi ọ̀pá rìn ló ṣáájú wọn, wọ́n dúró sí ẹ̀bá àwọn garawa ìdọ̀tí. Ewé òdòdó ti bo gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀, funfun báláú, ìyá náà kò sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ẹni tó ń tọ́jú àwọn igi yìí.

Mo tún kọ́là sùtánà mi ṣe. Mo ti la ẹnu. Gbogbo ohun tí ojú mi rí láti ọdún kan wà létè mi.

"Nobody, ma," Ìyá Ìjọ ti dáhùn. "It is God."

Ìyá òyìnbó náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a jẹ́ kí Ẹni náà máa bá iṣẹ́ náà lọ. Wọ́n wọlé, wọ́n mu tíì, wọ́n rí i pé a gbá ilẹ̀, wọ́n sì ní ká máa jọ́sìn wa lọ. Wọn ò débi iwájú. Àwọn èèyàn wa ń jó, èmi ń kó ife jọ, inú ń bí mi bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo bá Ìyá Ìjọ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó ń wọ bàtà rẹ̀. Mi ò lè pa á mọ́ra mọ́. Mo ní Mummy, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ló yè, omi wa ló pa tibí. Mo dúró dè é pé kó bínú.

"Mo mọ̀," ó ní.

Mo ní ẹ mọ̀ kẹ̀?

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Mò ń wò ó bó ṣe ń kú." Ó de okùn bàtà rẹ̀ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ọdún mélòó ni mo fi da omi sí odò yẹn? Àdúrà tí mo gbà fún àwọn ọmọ mi, èyí tí mo gbà fún ìwọ gan-an kó o tó ríṣẹ́, mo máa ń dà á, odò á máa gbé e lọ. Mi ò mọ ilé ẹni tó ń gbé e lọ. Ibí yìí ni ilẹ̀ àkọ́kọ́ tó gbà á lọ́wọ́ mi láti ìgbà tí mo ti dé London. Ó mu ún, ó dúró síbẹ̀. Ṣé kí n wá sọ pé kó má mu ún mọ́ nítorí òdòdó?"

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo hú àwọn òkú igi náà. Mo ṣa òkúta kúrò, mo tú ilẹ̀ náà, mo sì fi bíríkì yí i ká kí ẹsẹ̀ má bàa tẹ̀ ẹ́. Mi ò gbin nǹkan kan sí i. Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ béèrè, mo ní ilẹ̀ náà ń sinmi.

Wọ́n ti wó gbọ̀ngàn yẹn, ilé gogoro ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìyá Ìjọ náà ti lọ, ilẹ̀ ìlú yìí la sin ín sí. Èmi ní ilé kékeré kan ní Abbey Wood, ọgbà díẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Alámì wà lẹ́yìnkùlé, lórí òkúta, níbi tí oòrùn ti ń lu ògiri. Ó ń yọ òdòdó dáadáa, nítorí pé mi ò bu omi fún un. Ṣùgbọ́n níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀ kan wà tí mo fi bíríkì yí ká, tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ní ó ń bu ẹwà ilé wa kù. Àwọn ọmọ mi ní àwọn á bá mi gbin rósì sí i, aládùúgbò wa pàápàá ti fẹ́ fún mi ní ìgbòǹgbò. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Tí mo bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mo máa ń bọ́ bàtà mi, mo máa ń da ìyókù omi mi sórí ilẹ̀ yẹn, mo sì máa ń dúró títí yóò fi mu ún tán kí n tó ṣí ilẹ̀kùn.